Ọjọ́ tí fóònù bá sọnù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ń gbé, ìyá mi sì ń ta obì ní Ṣàgámù. Mo mọ kóòdù kọ dáadáa. Mo ti ya ojú-ewé mẹ́rìnlá fún wálẹ́ẹ̀tì kírípítò kan (áàpù tí a fi ń gba owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí a sì fi ń ná an) tí àwọn ìyá wa lè lò láìsí wàhálà, gbogbo ẹni tó rí i ló yìn ín. Mo gbọ́ pé ẹ ti kọ irú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n máa bá wọn tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àṣírí tó ń ṣí owó wọn, àbí kí n gbé e lé wọn lọ́wọ́? Ṣé kí n fi iṣẹ́ oṣù mi sílẹ̀ gbájú mọ́ ọn?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ, bá mi kí ìyá. Mo ti wo ojú-ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Lẹ́tà wọn tóbi, àwọ̀ wọn kò ta ojú, ẹni tó gbàgbé awò sílé á rí wọn kà. Ṣùgbọ́n ojú-ewé kan wà tí mo wá títí tí n kò rí: èyí tí ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù lánàá máa kọ́kọ́ rí lórí fóònù tuntun tó rà lónìí. Òun ni kí o kọ́kọ́ yà. Èmi ya gbogbo ìyókù ṣáájú rẹ̀, owó ẹlòmíì ló sì bá a lọ kí n tó mọ̀.

Ọdún 2019 ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan lókè ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí a pè ní ìrọ̀rùn nígbà náà ni kí bọ́tìnnì má pọ̀. O mọ̀ pé wálẹ́ẹ̀tì tó bá gbé kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ máa ń fún un ní ọ̀rọ̀ méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pé kó kọ ọ́ síbi tó dájú. A rí i pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ti ń sá. Wọ́n á gba áàpù, wọ́n á dé ojú-ewé ọ̀rọ̀ méjìlá, wọ́n á pa á dé, ó parí. Nítorí náà a fi bọ́tìnnì kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Ó di ìgbà mìíràn." Inú wa dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ń wọlé ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè wà lára wọn. Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́, àwọn ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó wà ní London á kó owó aṣọ jọ, wọ́n á fi USDT (kírípítò tí ọ̀kan rẹ̀ dúró fún dọ́là kan) ránṣẹ́ sí i, nítorí pé ó yá ju ọ̀nà bánkì lọ. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba ọdún 2023, láàárín èrò tó ń wo àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n yọ fóònù nínú báàgì rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó ti ra fóònù mìíràn, ó ti gba síìmù rẹ̀ padà, ó sì wá bá wa tọkàn-balẹ̀-tọkàn-balẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, nọ́ńbà mi ti padà. Ẹ bá mi ṣí i."

Bí bánkì ti ń ṣe é ni ìyá mọ̀. Fóònù sọnù, o gba síìmù, o lọ sí bánkì, wọ́n wo ojú rẹ, wọ́n wo BVN rẹ, owó rẹ padà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa tó yẹ ká sọ fún un, bọ́tìnnì tó máa fò ó la fún un. 640 dọ́là ló wà níbẹ̀. Mo tẹ àdírẹ́sì wálẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó dà bí nọ́ńbà àkáǹtì, sórí kọ̀ǹpútà, owó náà yọ gedegbe, òun náà rí i. Ó ní, "Òun nìyẹn." Mo ní, "Òun ni, mà." Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, owó yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni láyé lè rí i, kò sẹ́ni tó lè gbé e. Oṣù méje ni mo fi san án fún un díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò mi, alẹ́ ọjọ́ tó wá yẹn la sì ti yọ bọ́tìnnì ọ̀hún.

Wàá ní láti máa ṣàlàyé nǹkan yìí léraléra, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá ní ọjà Òkè-Ajé. Owó kò sí nínú fóònù. Ọjà rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni o so mọ́ etí ìró. Fóònù ni etí ìró yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ni ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú káàkiri ayé. Bí ìró bá bọ́ sọnù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ọjà kò sọnù, ilẹ̀kùn ló tì. Ní Òkè-Ajé, wàá pe wẹ́dà kó wá gé àgádágodo. Níhìn-ín kò sí wẹ́dà, kò sì sí máníjà tí ènìyàn lè lọ bẹ̀: láti ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 2009 ni Bitcoin ti ń ṣiṣẹ́, kò ní ọ́fíìsì kankan tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn nìkan ni a fi lè rọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n máa ń dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bèèrè ìbéèrè tó dáa jù: "Ta ni mo lè fún ní kọ́kọ́rọ́ kejì?"

N óò padà sórí ìbéèrè yẹn. Àmọ́ mo ti rí i nínú ojú-ewé rẹ kẹta pé o fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ méjìlá náà di Yorùbá, mo sì ní láti dá ọ dúró níbẹ̀, nítorí pé mo ti rin ọ̀nà náà dópin.

Inú ìwé ọ̀rọ̀ 2,048 ni wọ́n ti ń mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. BIP39 ni wọ́n ń pe ìlànà rẹ̀, ó ti wà láti ọdún 2013. "Abandon" ló ṣíwájú, "zoo" ló kẹ́yìn. Ó wà ní èdè Japan, Korea, Faransé, Ítálì, Czech àti àwọn mìíràn. Kò sí ti Yorùbá. Ó dùn mí púpọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá 2,048 jọ, kò sì sí iṣẹ́ tí mo gbádùn tó o ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo sì sọ ọ́ nù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹni tó fẹ́ ìyàwó, ohun tí a fi ń ro oko, ohun tí a ń wọ̀ lọ Èkó, ohun tí ọdẹ fi ń gún ẹran. Ìyá tó kọ ọ́ sórí páálí lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò ní fi àmì sí i, lẹ́yìn ọdún méjì òun gan-an kò ní mọ èwo ni. Mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọra kúrò. Síbẹ̀, ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì ṣètò rẹ̀ débi pé lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti tó láti dá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú onígbèsè, onígbàgbọ́ àti onígbọ̀wọ́, kí o wò ó.

Èyí tó jẹ́ kí n jáwọ́ pátápátá wúwo ju ìyẹn lọ. Bí ilé-iṣẹ́ mi bá kú lọ́la, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ méjìlá ti Gẹ̀ẹ́sì lè gbé e lọ sínú wálẹ́ẹ̀tì mìíràn, kó rí owó rẹ̀. Ẹni tó ní ti Yorùbá tí èmi nìkan ṣe kò níbi tó máa gbé e lọ. Mo ti fi èdè abínibí rẹ̀ tì í mọ́lé. Lọ́jọ́ tí ọ̀pọ̀ wálẹ́ẹ̀tì bá jọ gba ìwé Yorùbá kan wọlé, èmi ni n óò kọ́kọ́ lò ó. Kó tó dìgbà náà, jẹ́ kí gbogbo ìyókù áàpù rẹ jẹ́ Yorùbá, kí o sì wá ọ̀nà tí ìyá kò fi ní nílò láti kọ ọ̀rọ̀ méjìlá kankan.

Ọ̀nà yẹn wà nínú ẹgbẹ́ wa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ilé akápò ni àpótí owó ń gbé, ọwọ́ ẹlòmíì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kì í ṣe pé wọ́n ń fura sí akápò. Ènìyàn lè kú, ilé lè jó, ọmọ akápò sì lè jẹ gbèsè. Ohun tí àwọn ìyá Òkè-Ajé ń bèèrè nìyẹn, ó sì ti wà nínú ìmọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́: kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, tí méjì èyíkéyìí nínú wọn lè ṣí ilẹ̀kùn. Lórí Bitcoin, multisig ni wọ́n ń pè é. Lórí Ethereum, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kírípítò mìíràn, a lè kọ ọ́ sínú àdéhùn oníkóòdù tó ń darí àkáǹtì náà fúnra rẹ̀, ìlànà ERC-4337 tó jáde ní 2023 sì ti mú un rọrùn ju ti àtijọ́.

Bí a ṣe pín in nìyí. Ọ̀kan wà lórí fóònù ìyá, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tó bá yàn (ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn máa ń yàn, àwọn kan yan ìyá ìjọ tàbí ìyá àdíńnì wọn), ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa. Bí fóònù bá sọnù, àwa àti ọmọ á jọ ṣí i fún un. Bí ilé-iṣẹ́ wa bá kógbá sílé, ìyá àti ọmọ tó. Bí ìjà bá dé láàárín ìyá àti ọmọ, ìyá àti àwa tó. Èmi nìkan kò lè gbé kọ́bọ̀, bí mo tilẹ̀ fẹ́ sá lọ.

Ìhò kan ṣì wà nínú rẹ̀, ìyá kan ló sì fi hàn mí, kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bí ọmọ mi bá wá bá yín, tó ní mo ti sọ fóònù nù, tí n kò sọ ọ́ nù ńkọ́?" N kò ní èsì lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ ètò gbígba àkáǹtì padà, ọjọ́ méjì gbáko ni yóò kọjá kí ilẹ̀kùn tó ṣí, a ó sì máa pe nọ́ńbà ìyá ní àárọ̀ àti alẹ́, fóònù rẹ̀ àtijọ́ náà á sì máa fi ìkìlọ̀ hàn. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló máa fi dá a dúró. Àwọn tó ń yára fẹ́ gba owó wọn kì í fẹ́ ọjọ́ méjì yẹn, wọ́n ń bínú sí wa. Má ṣe dín in kù.

Nítorí náà, èsì ìbéèrè rẹ kejì ni pé má bá wọn tọ́jú gbogbo kọ́kọ́rọ́, má sì gbé gbogbo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. O rí FTX, ilé ìpààrọ̀ kírípítò tó wó ní oṣù Kọkànlá 2022. Àwọn tó gbé owó síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn, jí lọ́jọ́ kan, wọn kò rí owó yọ, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn rárá. Ìyá aláṣọ òkè tèmi náà kò rí owó yọ, nítorí pé ọwọ́ òun nìkan ni ó wà.

Ti òfin kò ní gùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021, CBN kọ̀wé sí àwọn bánkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò, bánkì tí àwa ń lò sì ti tiwa láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn oníbàárà wa kò pàdánù nǹkan kan, nítorí pé a kò so náírà mọ́ wálẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n tú ìdè náà pẹ̀lú ìlànà tuntun. Ní 2024, SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, ṣí ètò ARIP fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wọlé sábẹ́ àbójútó. Òfin Investments and Securities Act ti 2025 sì ti fi dúkìá irú èyí sábẹ́ SEC kedere. Lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa rẹ̀ kí o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ojú-ewé rẹ. Èyí tó jẹ́ ìkẹfà bèèrè pé, "Yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ." Tiwa náà bèèrè bẹ́ẹ̀. Mo jókòó ti obìnrin kan tó ń ta gàrí, ó ka ìbéèrè náà sókè, ó wojú mi, ó ní, "MTN ni mo ń lò." Kí lo fẹ́ kó sọ? Ọ̀rọ̀ tiwọn la jí lò fún ohun tí wọn kò mọ̀. A yọ ọ́, a kọ ọ́ pé, "Ọ̀nà wo ni owó náà máa gbà wá?" Ìyẹn yé wọn, torí pé láti Ìjẹ̀bú-Òde, o lè gba Ẹ̀pẹ́ dé Èkó, o sì lè gba Ṣàgámù. Bí ọkọ̀ tó gbé ẹrù rẹ bá gba Ẹ̀pẹ́ tí o sì dúró dè é ní oríta Ṣàgámù, ẹ kò ní pàdé. Kóòdù rẹ sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́: àdírẹ́sì ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Tron máa ń fi T bẹ̀rẹ̀, ti Ethereum máa ń fi 0x bẹ̀rẹ̀, áàpù lè mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀ láìbi ìyá. Ibi tó le ni 0x, torí pé Ethereum, BNB Smart Chain àti Polygon jọ ń lo irú àdírẹ́sì kan náà. Ibẹ̀ nìkan ni kí o ti bèèrè.

Ojú-ewé kẹjọ, ti fífi owó ránṣẹ́, ni kí o tún jókòó tì. Ní orílẹ̀-èdè yìí, bí o bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá, orúkọ á jáde. Orúkọ yẹn ni gbogbo wa fi ń sùn. Wo ẹnikẹ́ni níwájú POS: kò ní sọ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ títí yóò fi gbọ́ orúkọ. Nínú kírípítò, orúkọ kankan kì í jáde, lẹ́tà gígùn kan báyìí ni. Àwọn olè mọ̀ pé ojú ènìyàn kì í ka àárín rẹ̀. Wọ́n á ṣe àdírẹ́sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọ ti ẹni tí o sábà ń fi owó ránṣẹ́ sí, wọ́n á fi owó táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí ọ kó lè wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ, wọ́n á wá máa retí ọjọ́ tí wàá ṣẹ̀dà tiwọn. Nítorí náà, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀dà àdírẹ́sì látinú àkọsílẹ̀ mọ́. O gbọ́dọ̀ fún un lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, kí o fi owó díẹ̀ dán an wò, kí ẹni náà pè ọ́ pé òun rí i. Lẹ́yìn náà, orúkọ lo máa rí títí láé, kì í ṣe lẹ́tà.

Àti owó ọkọ̀! Ẹni tí wọ́n fi USDT ránṣẹ́ sí lórí Tron nílò TRX, owó Tron fúnra rẹ̀, láti san owó ọkọ̀ kó tó lè fi ránṣẹ́ jáde. Ìyá rí 50 dọ́là nínú àpò rẹ̀, kò lè ná an, áàpù ń sọ fún un pé owó rẹ̀ kò tó. Irọ́ ni lójú rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti bínú. A ń san owó ọkọ̀ náà láti ẹ̀yìn, a sì ń yọ ọ́ nínú USDT rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fi iye rẹ̀ hàn án ní náírà. Ibẹ̀ náà la ti ń rí èrè wa. Má ṣe gba nǹkan kan lórí owó tó ń wọlé.

Yọ àwòrán iye owó tó ń lọ sókè sódò kúrò lójú-ewé àkọ́kọ́. Ó rẹwà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn á máa ṣí i nígbà ogún lójúmọ́ bí ẹni ń retí nọ́ńbà Bàbá Ìjẹ̀bú. Àwọn tí MMM tìlẹ̀kùn mọ́ owó wọn ní oṣù Kejìlá 2016 ṣì wà láàárín wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé, "Èló ló máa ń bí?" Kọ èsì náà gàdàgbà sí ojú-ewé àkọ́kọ́: owó kì í bí níbí.

Ohun kan kù tó lè dùn ọ́. Ìyá rẹ kò nílò wálẹ́ẹ̀tì yìí. Àwọn oníbàárà obì láti òkè ọya ń san náírà, tíránsífà bánkì ń dé lójú ẹsẹ̀, orúkọ ń jáde, bánkì sì wà tí wọ́n lè lọ bá. Fífi kírípítò sáàárín wọn á fi ewu kún òwò tí kò ní wàhálà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó nílò rẹ̀ ni àwọn tí owó wọn ń ti òkè òkun wá: aláṣọ òkè, télọ̀, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti yàrá rẹ̀ ní Ìlíṣàn, ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Wá mẹ́wàá nínú wọn ní Rẹ́mọ.

Má tíì fi iṣẹ́ oṣù rẹ sílẹ̀. Owó rẹ ni kí o kọ́kọ́ fi ṣe èyí: fi dọ́là méjì méjì sínú wálẹ́ẹ̀tì ẹni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Owó eré wà fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í fi gbogbo ojú ṣọ́ owó eré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, gba fóònù lọ́wọ́ wọn, fún wọn ní òmíràn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, jókòó tì wọ́n, pa ẹnu mọ́. Má ṣe nawọ́ sí bọ́tìnnì kankan. Lẹ́yìn náà kọ̀wé sí mi, kí o sọ èwo nínú wọn ni kò rí dọ́là méjì rẹ̀ gbà, àti ojú-ewé tó há sí.